Èéfín Tí Ojú Rí àti Èyí Tí Ojú Kò Rí: Ẹ̀kọ́ Lórí Epo Ọ̀gbìn Nínú Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì

Epo ni Yorùbá ń pe èyí tí a fi ń se ọbẹ̀, epo náà ni a sì ń pe èyí tí a ń rọ sínú ọkọ̀. Ní Abúlé Ẹ̀gbá tiwa, ọ̀rọ̀ yìí tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé Ilé-Epo ni orúkọ ọjà ńlá tí ó wà ní ìtòsí wa, níbi tí àwọn obìnrin ọlọ́jà ti ń wọn epo pupa àti òróró ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà tí táńkà àti tírélà ń gbà kọjá. Àwọn baba wa kò ṣì í pè rárá. Lójú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ẹbí ni epo méjèèjì: kábọ́nù àti háídírójìn ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn méjèèjì ni ó sì ń gba iná.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìrántí àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí ni èyí: bí epo inú ìkòkò bá lè ṣe iṣẹ́ epo inú ọkọ̀, irú èéfín wo ni yóò ti ẹnu sáléńsà jáde? Ṣé yóò sàn fún ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ wa ju èyí tí a ń fà símú lónìí lọ? Àwọn kan ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni láìwádìí. Àwọn mìíràn sì ti sọ pé àlá lásán ni. Ìdáhùn tí ìwádìí fún wa wà láàárín méjèèjì. Púpọ̀ nínú májèlé èéfín ń dín kù, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ń pọ̀ sí i díẹ̀. Èyí tí ó dín kù ni ojú ń rí. Èyí tí ó pọ̀ sí i ni ojú kì í sábà rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ojú nìkan ṣe ìdájọ́ èéfín yóò ṣìnà.

Ohun tí a ń fà símú ní àdúgbò wa

Ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ni ó la àdúgbò wa já. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017 ni a ṣí afárá tí ó gbé ọkọ̀ kọjá lórí oríta wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni àwọn bọ́ọ̀sì ńlá BRT bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Òṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá. Àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà àti Àgége wà ní apá kan, ti Sàngó àti Ọ̀tà wà ní apá kejì, àwọn tírélà tí ń kó ẹrù láàárín wọn kì í sì í sinmi tọ̀sán-tòru. Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹ̀rọ amúnáwá ilé iṣẹ́, ti ilé ìfowópamọ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti òpó tẹlifóònù àti ti ilé-ẹ̀kọ́ a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dísẹ́ẹ̀lì ni èyí tí ó tóbi nínú wọn ń mu.

Ìwádìí kan tí Báńkì Àgbáyé ṣe lórí afẹ́fẹ́ Èkó fojú díwọ̀n pé, ní ọdún 2018 nìkan, nǹkan bí 11,200 ènìyàn ni ó kú ikú àìtọ́jọ́ ní ìlú yìí nítorí afẹ́fẹ́ tí ó dọ̀tí. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni ó fara gbá a jù. Ọkọ̀ ojú pópó, ilé iṣẹ́ àti ẹ̀rọ amúnáwá wà lára àwọn orísun pàtàkì tí ìwádìí náà dárúkọ. Ó rí i pé èérún kéékèèké inú afẹ́fẹ́ wa tó 68 máíkírógíráàmù nínú kíúbíìkì mítà kan. Ìwọ̀n 10 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà láàyè nígbà náà; ní ọdún 2021, ó dín in kù sí 5. Ṣáájú èyí, ní oṣù kẹfà ọdún 2012, ẹ̀ka àjọ yìí tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì jẹ́ ohun tí ó dájú pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ọ̀rọ̀ èéfín nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ funfun tí ó dọ̀tí lásán. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Bí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ṣe ń rú èéfín

Ẹ́ńjìnnì tí ń mu bẹntiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní in. Afẹ́fẹ́ nìkan ni pístìn rẹ̀ ń kọ́kọ́ fún pọ̀ nínú sìlíńdà, títí tí yóò fi há sínú ààyè tí kò ju bí ìdá kan nínú 16 tàbí nínú 20 ibi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ tó báyìí a gbóná ju 500°C lọ. Ìgbà náà ni nósù yóò tu epo wọ inú rẹ̀ bí ìrì, epo náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa ìrì epo yìí. Ní etí rẹ̀, ọ́síjìn pọ̀, epo sì ń jó tán. Ní àárín rẹ̀, ooru wà ṣùgbọ́n ọ́síjìn kò tó. Epo ibẹ̀ kò lè jó tán, ó ń ya, ó sì ń di èérún dúdú, irú èyí tí ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tí a fi igi tútù dáná sí. Èyí ni èéfín dúdú tí a ń rí. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun mẹ́rin mìíràn tún wà tí ń bá a jáde: carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ooru epo tí kò jó, àwọn ohun tí imí-ọjọ́ inú epo ń dà, àti àwọn nitrogen oxides.

Ẹ fi ọkàn sí èyí tí ó kẹ́yìn. Náítírójìn rẹ̀ kò ti inú epo wá rárá. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ti wá, nítorí pé ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí a ń mí ni náítírójìn. Ní ìgbà gbogbo, náítírójìn àti ọ́síjìn ń gbé pọ̀ láìbá ara wọn jà. Ṣùgbọ́n nínú ooru líle inú sìlíńdà, wọn a so pọ̀, wọn a sì di ohun tí ń ta ẹ̀dọ̀fóró, tí ń dá kún ìnira ẹni tí ó ní ikọ́ fée. Bí oòrùn bá pa á, òun náà ni ó ń ṣe okùnfà òsóònù ìsàlẹ̀, èyí tí ń jó ọ̀nà ọ̀fun àti ojú. Ibi tí iná bá ti gbóná jù ni ó ti ń pọ̀ jù.

Epo ẹ̀pà ní Paris, epo ọ̀pẹ ní Brussels

Kì í ṣe òde òní ni a ti mọ̀ pé epo ọ̀gbìn lè wa ẹ́ńjìnnì. Rudolf Diesel ni ó ṣe ẹ̀rọ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ yìí, èyí àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa sì jáde ní ọdún 1897. Ní ọdún 1900, níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ní Paris, ilé iṣẹ́ Otto mú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré kan wá tí ó ń fi epo ẹ̀pà ṣiṣẹ́. Ìjọba Faransé ni ó béèrè fún un, nítorí pé ẹ̀pà pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń ṣàkóso nígbà náà. Diesel fúnra rẹ̀ sọ ìtàn náà ní ọdún 1912: ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́ geere tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó fura pé kì í ṣe epo ilẹ̀ ni ó ń mu.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1937, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Chavanne, ní Yunifásítì Brussels, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí a lè gbà yí epo ọ̀gbìn padà kí ó lè bá ẹ́ńjìnnì mu. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀sì èrò kan ń ná Brussels sí Louvain pẹ̀lú epo tí a ṣe láti ara epo ọ̀pẹ. Ilẹ̀ Kóńgò, tí Bẹ́ljíọ́mù ń jẹ gàba lé lórí, ni wọ́n ní lọ́kàn. Kí ni ìtàn méjèèjì yìí fi kọ́ wa? Pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ilẹ̀ wa lè pèsè epo ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n epo ilẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ sì kéré, nítorí náà ni wọ́n ṣe pa ìmọ̀ yìí tì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìdí tí a kì í fi da òróró sínú táńkì bẹ́ẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lè fẹ́ lọ da òróró tààrà sínú ẹ̀rọ amúnáwá. Kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìgbóná 40°C, òróró ki ju dísẹ́ẹ̀lì lọ ní ìlọ́po 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nósù kò lè tu ohun tí ó ki tó báyìí bí ìrì. Yóò máa ta á bí ẹ̀kán omi. Àárín ẹ̀kán náà kò ní rí ọ́síjìn, èérún dúdú yóò dì sí ẹnu nósù àti sí ara pístìn, ẹ́ńjìnnì náà yóò sì bàjẹ́ kí ó tó pẹ́.

Ọ̀nà àbáyọ ni láti dín kíki náà kù. Mólékù epo kan dàbí ọ̀pá kan tí ó ní ìrù gígùn mẹ́ta. Glycerol ni ọ̀pá náà. Àwọn ásíìdì ọ̀rá ni ìrù. Bí a bá po òróró gbígbóná pọ̀ mọ́ methanol, tí a sì fi ìwọ̀nba sódà kọ́sítíìkì sí i kí iṣẹ́ náà lè yá, ìrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò já kúrò lára ọ̀pá, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì so mọ́ methanol. Glycerol yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ohun tí ó lé sókè ni bayodísẹ́ẹ̀lì. Láti inú kílò 100 òróró àti nǹkan bí kílò 10 sí 11 methanol ni a ti ń rí nǹkan bí kílò 100 bayodísẹ́ẹ̀lì àti kílò 10 glycerol. Kíki rẹ̀ ti wá sún mọ́ ti dísẹ́ẹ̀lì.

Ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí ohun tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Ẹni tí ó ń fi omi eérú àti àdín se ọṣẹ dúdú náà ń já ìrù mẹ́ta kúrò lára ọ̀pá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ara àwọn ohun inú eérú ni ìrù tirẹ̀ so mọ́, ó sì di ọṣẹ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí omi bá wọ inú òróró tí a fẹ́ fi ṣe bayodísẹ́ẹ̀lì, tàbí tí òróró náà ti kan jù, ọṣẹ ni ó máa ń dà mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò WAEC, ẹ rántí pé ẹ̀kọ́ ọṣẹ àti ẹ̀kọ́ ester tí ó wà nínú ìwé kẹ́mísìrì yín ni èyí.

A ní láti kìlọ̀ níhìn-ín. Methanol kì í ṣe ọtí mímu. Ó ń fọ́ ojú, ó sì ń pani. Ọtí ìbílẹ̀ tí methanol wọ̀ ni ó gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Ó tún tètè ń gbiná. Yàrá ìwádìí tí olùkọ́ wà nínú rẹ̀ ni ibi tí a ti lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ilé ìdáná kọ́. Abúlé Ẹ̀gbá kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ ọ ní ohun tí epo lè ṣe. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2006, iná ṣẹ́ yọ níbi ọ̀pá epo bẹntiróòlù tí wọ́n bẹ́ ní àdúgbò yìí, ó sì pa ju 200 ènìyàn lọ. Ooru bẹntiróòlù ń gbiná kódà nígbà tí òtútù bá mú ju yìnyín lọ. Dísẹ́ẹ̀lì ní láti gbóná ju 50°C lọ kí ooru rẹ̀ tó lè gbiná. Bayodísẹ́ẹ̀lì tí a ṣe dáadáa, tí a sì fọ methanol kúrò lára rẹ̀, ní láti gbóná ju 100°C lọ. Àǹfààní kan nìyẹn tí kò ṣeé fojú kéré ní irú àdúgbò tiwa.

Ohun tí ó dín kù

Ní ọdún 2002, àjọ tí ń dáàbò bo àyíká ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kó èsì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdánwò jọ, èyí tí a ti ṣe pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n wọn èéfín dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n wọn ti bayodísẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì wọn ti àdàlù méjèèjì. Àdàlù tí ó ní ìdá 20 bayodísẹ́ẹ̀lì nínú 100 ni a ń pè ní B20. Èyí tí ó jẹ́ bayodísẹ́ẹ̀lì pátápátá ni B100.

Pẹ̀lú B20 tí a ṣe láti ara òróró sóyà, èérún dúdú dín kù ní nǹkan bí ìdá 10 nínú 100, carbon monoxide dín kù ní ìdá 11, epo tí kò jó sì dín kù ní ìdá 21. Pẹ̀lú B100, èérún dúdú àti carbon monoxide dín kù tó nǹkan bí ìlàjì, epo tí kò jó sì dín kù ní nǹkan bí ìdá 67 nínú 100.

Kí ló fà á? Ìdí mẹ́ta ni. Èkíní, bayodísẹ́ẹ̀lì ní ọ́síjìn nínú ara rẹ̀, nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, nígbà tí dísẹ́ẹ̀lì inú ilẹ̀ kò ní in. Àárín ìrì epo tí ọ́síjìn afẹ́fẹ́ kò tètè dé ti ní oúnjẹ tirẹ̀ lọ́wọ́. Èkejì, kò ní àwọn mólékù olórùka tí wọ́n wà nínú epo ilẹ̀, tí wọ́n sì tètè ń di èérún. Ẹ̀kẹta, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní imí-ọjọ́ rárá.

Kókó ti imí-ọjọ́ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Fún ọdún púpọ̀, òfin Nàìjíríà gba kí dísẹ́ẹ̀lì ní imí-ọjọ́ tó ìdá 3,000 nínú mílíọ̀nù kan, nígbà tí ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà ju 10 lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire fẹnu kò láti dín in kù sí 50. Imí-ọjọ́ ń dá kún èérún èéfín, ó sì ń ba àwọn asẹ́ tí a fi sí ẹnu sáléńsà àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé jẹ́. Nítorí náà, epo tí kò ní imí-ọjọ́ ṣe wá láǹfààní lọ́nà méjì.

Ohun tí ó pọ̀ sí i

Nínú ìdánwò kan náà, nitrogen oxides pọ̀ sí i: nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 pẹ̀lú B20, àti nǹkan bí ìdá 10 pẹ̀lú B100. Ọ́síjìn tí ó ran iná lọ́wọ́ láti jó mọ́ ni ó tún ràn án lọ́wọ́ láti gbóná. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan pàápàá, bayodísẹ́ẹ̀lì máa ń tètè bọ́ sínú sìlíńdà ju bí a ti ṣètò rẹ̀ lọ, nítorí pé kò ṣeé fún pọ̀ tó dísẹ́ẹ̀lì; iná a wá tètè bẹ̀rẹ̀, ooru rẹ̀ a sì ga sí i.

Mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ lè fa àsìkò tí nósù ń tu epo sẹ́yìn díẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, nitrogen oxides a dín kù, ṣùgbọ́n èérún dúdú lè tún gbé orí sókè. Bí a bá fa ọ̀kan wálẹ̀, èkejì lè gòkè. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kì í fi yọ̀ nígbà tí wọ́n bá rí sáléńsà tí kò rú èéfín dúdú mọ́, àyàfi bí wọ́n bá ti fi ohun èlò wọ̀n ọ́n. Irú epo tí a lò náà ní ipa tirẹ̀. Epo tí ń dì, bí epo ọ̀pẹ àti ọ̀rá ẹran, kì í mú nitrogen oxides pọ̀ tó epo sóyà. Àbùkù tirẹ̀ ni pé bayodísẹ́ẹ̀lì epo ọ̀pẹ a bẹ̀rẹ̀ sí í dì bí ìgbóná bá wálẹ̀ dé nǹkan bí 15°C. Èkó kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Ní Jos nígbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀.

Carbon dioxide ńkọ́, èyí tí ń mú kí ayé gbóná? Èyí tí ń ti ẹnu sáléńsà jáde kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà nínú ibi tí kábọ́nù náà ti wá. Ti dísẹ́ẹ̀lì ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí a tó wà á jáde. Ti bayodísẹ́ẹ̀lì jẹ́ èyí tí ewé ọ̀pẹ tàbí ewé ẹ̀pà ṣẹ̀ṣẹ̀ fà láti inú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gé igbó lulẹ̀ kí a tó gbin ọ̀pẹ náà, kábọ́nù tí igbó náà ti kó pamọ́ yóò tú jáde, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí èrè tó borí àdánù.

Epo ọbẹ̀ ńkọ́?

Àwọn àgbà sọ pé epo ni ìrọ̀jú ọbẹ̀. Ta ni yóò wá gbé ìrọ̀jú ọbẹ̀ fún tírélà mu? Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Nàìjíríà ni ó ń síwájú nínú pípèsè epo ọ̀pẹ ní àgbáyé. Lónìí, Indonéṣíà àti Maléṣíà ti fi wá sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, àwa fúnra wa sì ń ra epo wọlé láti òkè òkun. Indonéṣíà sọ ọ́ di òfin ní ọdún 2020 pé kí ìdá 30 nínú 100 dísẹ́ẹ̀lì wọn jẹ́ bayodísẹ́ẹ̀lì epo ọ̀pẹ. Ó rọrùn fún wọn nítorí pé epo wọn ṣẹ́kù. Ìjọba àpapọ̀ tiwa náà gbé ìlànà epo ọ̀gbìn jáde ní ọdún 2007, tí ó fojú sun B20, ṣùgbọ́n epo tí a kò tíì ní tó fún ọbẹ̀ kò lè tó fún ọkọ̀.

Nínú ìtàn opó inú Bíbélì àti wòlíì Èlíṣà, ìkòkò ni ó kọ́kọ́ tán; epo kò dáwọ́ dúró títí tí kò fi sí ìkòkò mọ́. Ní tiwa, bí a bá gbé epo oúnjẹ lé ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, epo ni yóò kọ́kọ́ tán, ìkòkò aláìní ni yóò sì gbẹ ṣáájú ti ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, èrò tiwa ni pé òróró tí a ti lò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Láti Ilé-Epo dé Ìyànà-Ìpájà, àwọn tí ń dín àkàrà, dùndún, búrẹ́dì olóròóró àti ẹja kò lóǹkà. Òróró tí a ti dín nǹkan nínú rẹ̀ léraléra kò dára fún ara mọ́, bí a bá sì dà á sí gọ́tà, yóò dì, yóò sì dí ọ̀nà omi. Bayodísẹ́ẹ̀lì ni ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ó ti lè wúlò láìgba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kò ní pọ̀ tó láti wa gbogbo ọkọ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ó lè tó láti da díẹ̀ pọ̀ mọ́ dísẹ́ẹ̀lì ẹ̀rọ amúnáwá ilé-ẹ̀kọ́ kan tàbí ti ilé ìwòsàn kan.

Ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ mọ ìwà rẹ̀. Agbára inú lítà kan rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 dín sí ti dísẹ́ẹ̀lì. Ó máa ń mú rọ́bà ọ̀pá epo àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ rọ̀. Ó ń fọ ìdọ̀tí inú táńkì, nítorí náà asẹ́ epo lè tètè dí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń fa omi mọ́ra, kò sì yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ ju nǹkan bí oṣù 6 lọ.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa lónìí

A kò ní láti dúró de bayodísẹ́ẹ̀lì kí a tó gba ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ wa là. Èéfín dúdú sábà ń wí fún wa pé asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí, pé nósù ti jẹ, tàbí pé ẹrù ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ. Èéfín aláwọ̀ búlúù ń wí pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń jó. Èéfín funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti gbóná ń wí pé epo kan ń jáde láìjó, tàbí pé omi ń wọlé. Èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀; ẹ́ńjìnnì náà ń fi èéfín rẹ̀ sọ ìwà rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọkọ̀ akẹ́rù, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí ẹ ń ṣàkóso ilé iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fetí sí i.

Ibi tí a gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí ṣe pàtàkì ju irú epo tí ó ń mu lọ. Kò yẹ kí ẹnu sáléńsà rẹ̀ kọjú sí fèrèsé kíláàsì, ibi tí a ti ń gba àdúrà, tàbí ibi tí àwọn ọmọ kéékèèké ti ń ṣeré. Ọ̀pá tí ó gbé èéfín ga kọjá òrùlé dára ju èyí tí ó tú u sílẹ̀ ní ọ̀gangan imú lọ. Ọlọ́run tí ó fi afẹ́fẹ́ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti ba ti aládùúgbò rẹ̀ jẹ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Mú káàdì funfun mẹ́rin, kí o sì fi Vaseline pa ojú wọn fẹ́ẹ́rẹ́. Gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà, ọ̀kan sí ìtòsí ẹ̀rọ amúnáwá, ọ̀kan sí inú kíláàsì, ọ̀kan sí abẹ́ igi tí ó jìnnà sí ọ̀nà. Kó wọn jọ lẹ́yìn ọjọ́ 7. Èwo ni ó dúdú jù? Èwo nínú àwọn májèlé tí a dárúkọ ni káàdì yìí kò lè fi hàn ọ́?

2. Kí a sọ pé ẹ̀rọ amúnáwá kan ń mu lítà 4 ní wákàtí kan, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí 5 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Bí aládìn-ín àkàrà kan bá ń rí lítà 2 òróró àlòkù lọ́sẹ̀, tí lítà òróró kan sì ń di lítà bayodísẹ́ẹ̀lì kan, aládìn-ín àkàrà mélòó ni a nílò kí ẹ̀rọ náà lè mu B100? Mélòó ni a nílò fún B20?

3. Ṣàlàyé, pẹ̀lú ohun tí o mọ̀ nípa ọ́síjìn àti ooru, ìdí tí epo kan náà fi lè dín èérún dúdú kù, kí ó sì mú nitrogen oxides pọ̀ sí i.

4. Bi mẹkáníìkì kan ní àdúgbò rẹ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ó ṣe ń mọ̀ pé nósù ti jẹ. Kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, ní ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ lò, kí o sì mú un wá sí yàrá ìwádìí pẹ̀lú káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.